Lexus ES 350 ni àbí Benz C300? Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, ẹ bá mi dá sí i kí n tó náwó

ỌmọẸ̀fọ̀n:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Corolla 2005 tí mò ń lò ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, mo sì ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Mo fẹ́ gun ọkọ̀ tó tura díẹ̀ báyìí. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń ti Adó lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkọ̀lé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, mo máa ń gba Ìyìn, Ìgèdé àti Àrámọ̀kọ lọ kí màmá mi ní Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tó bá mọ òkè Ẹ̀fọ̀n mọ ohun tí ojú ọkọ̀ ń rí níbẹ̀.

Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ mi, ₦11,500,000 ni, owó Corolla wà nínú ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni Lexus ES 350 (2007 sí 2010) tàbí Benz C300 (2008 sí 2010), tòkunbọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní BMW 328i ni kí n rà. Aládùúgbò mi ní Lexus LS 430 ni ọba gbogbo wọn. Orí mi ti dàrú.

Èwo ni kò ní sọ mí sílẹ̀ lọ́nà Ọ̀yẹ́ lálẹ́? Èwo ni màá rí ẹni tún un ṣe ní Adó, tí mi ò ní máa fi ọkọ̀ ẹrù gbé e lọ sí Èkó? Eélòó ló sì máa ná mi lọ́dún lẹ́yìn tí mo bá ti rà á tán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gun ún rí tàbí tó ń tún un ṣe ni kó dá mi lóhùn.

Mẹkáníìkì_Basírì:
Ọ̀gá mi, ẹ kú ìrònú. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní Adó níbí. Ọkọ̀ Jàpáàn ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ mi. ES 350 ni kí ẹ rà.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, lítà 3.5 V6 tí wọ́n ń pè ní 2GR-FE, òun kan náà ló wà nínú Camry Muscle tó jẹ́ V6, nínú Avalon, Sienna, Highlander, RX 350 àti Venza V6. Orí ìpìlẹ̀ Camry ni wọ́n kọ́ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lé. Kí lèyí já sí fún ẹni tó ń gbé Adó? Ó já sí pé bí páǹpù omi bá bàjẹ́ láàárọ̀, ẹ lè rí òmíràn rà kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ iṣẹ́ tó máa tú u náà sì ti tú irú rẹ̀ rí. Ṣéènì ló ń lò, kì í ṣe timing belt, ẹ ò ní máa ka kìlómítà pé ìgbà wo ni bẹ́líìtì máa já.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ibi tó kù sí. Páìpù ọ́ìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn, lápá ibi tí bẹ́líìtì ìta wà, òun ló ń gbé ọ́ìlì fún VVT-i, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, rọ́bà ni àárín páìpù náà. Tí rọ́bà yẹn bá ti gbó, ó lè bẹ́ lójijì lórí eré, gbogbo ọ́ìlì á dà sójú títì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí awakọ̀ ò bá tètè rí iná ọ́ìlì kó sì paná ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Toyota fúnra wọn ti ṣe èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan iná fóònù, ẹ wò ó. Tí ẹ bá bá rọ́bà níbẹ̀, kì í ṣe pé kí ẹ sá o, ṣùgbọ́n ẹ má wa ọkọ̀ náà láti Èkó wá sí Adó kí ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ló ń lò. Mẹ́ta iwájú rọrùn, mẹ́ta ẹ̀yìn sá sábẹ́ manifold tó ń gba afẹ́fẹ́, àfi kí wọ́n tú ìyẹn kọ́wọ́ tó dé ibẹ̀. Àwọn kan nínú wa, ó dùn mí láti sọ ọ́, mẹ́ta iwájú ni wọ́n ń pààrọ̀, wọ́n á sì gba owó mẹ́fà. Ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àtijọ́ sọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Jíà rẹ̀ náà kò ní ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì. Ọ́ìlì jíà tí wọ́n ń pè ní Toyota WS ló ń lò. Ẹni tó bá ń bu ọ́ìlì kọ́ìlì sí i nítorí pé ó ṣáà pupa, díẹ̀díẹ̀ ló ń pa á.

Baba_Ìbejì_Ìkéré:
Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rù lé àbúrò wa kúrò nídìí Benz. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń gun C300. Ìkéré ni mo ń gbé, ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ ni mo ń tọ̀, gbogbo yín lẹ mọ ohun tí ojú wa rí lọ́nà yẹn láti ọdún pípẹ́. Ọkọ̀ mi kò mì jìgìjìgì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń pa bíi ti ilé ìfowópamọ́. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè, ó di ilẹ̀ mú lọ́nà tí mi ò tíì rí nínú ọkọ̀ Jàpáàn kankan tí mo gùn rí. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìtọ́jú ni àṣírí ẹ̀. Ọ́ìlì tó bá ìlànà Benz, MB 229.5, mu nìkan ni mò ń lò, kìlómítà 8,000 kì í kọjá kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò kì í jẹ́ kí mẹkáníìkì tí kò ní sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi. Ká sòótọ́, fún jíà, Ìbàdàn ni mò ń gbé e lọ. Mo ti fi ìyẹn sínú ìṣirò mi kí n tó rà á.

Rewáyà_Adó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún òótọ́ tẹ́ ẹ sọ níparí yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Iná àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi. C300 àwọn ọdún yẹn, W204 ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ ìdarí rẹ̀ tó ń ti ìdarí pa, wọ́n ń pè é ní ESL. Mọ́tò kékeré ló wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ tí mọ́tò yẹn bá kú, ẹ máa ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò ní yí, dáṣíbọ́ọ̀dù kò ní tan, ọkọ̀ náà á sì dúró síbi tẹ́ ẹ páàkì í sí bí òkúta. Kì í ṣe bátìrì, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Àrùn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ W204 ni. Ó ṣe é tún ṣe, ṣùgbọ́n àfi ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè bá kọ̀ǹpútà Benz sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ń wo C300, ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ máa yọ ọ́, ẹ máa kì í padà. Tó bá ṣiyèméjì lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ti mọ̀.

Èkejì ni jíà 7G. Pátákó kan wà nínú rẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí jíà ṣe ń yí wà lórí ẹ̀. Tí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá ti kú, ọkọ̀ á há sí jíà kan, kò ní kúrò níbẹ̀, ẹ máa rìn ín bí ìgbín dé ilé. Ríra pátákó náà nìkan kò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ VIN ọkọ̀ yín, ìyẹn nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ fún un, sínú ẹ̀.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń rò ó pé òun á kúkú fi owó kan náà ra E350 2006 torí pé ó tóbi ju C lọ. Ẹ́ńjìnnì M272 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, jíà kékeré kan wà lórí ọ̀pá ìmúdọ́gba inú rẹ̀ tí eyín rẹ̀ ń jẹ. Kó tó di pé ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde. Tí sikánà bá ka kóòdù àṣìṣe P1200 tàbí P1208 lára E350 àwọn ọdún yẹn, ẹ kí ẹni tó ni ín, kí ẹ máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni E-Class tó ṣáájú 2007 ń lo bíréèkì oníná tí wọ́n ń pè ní SBC. Ní 2004, Mercedes pe ọkọ̀ bíi 680,000 padà nítorí ẹ̀. Páǹpù bíréèkì náà ń ka iye ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tí kíkà yẹn bá ti pé, ó máa ní kí ẹ pààrọ̀ òun.

Àdùkẹ́_Ìkọ̀lé:
Àbúrò mi, ẹ káàárọ̀ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìkọ̀lé, ọ̀nà kan náà la jọ ń tọ̀. ES 330 ti 2005 ni mò ń gùn, ẹ̀gbọ́n ES 350 tẹ́ ẹ̀ ń wò. Mo máa ń kọ gbogbo owó tí mo bá ná lé e sínú ìwé. Ẹ wo ti ọdún tó kọjá: sáfíìsì lẹ́ẹ̀mẹrin, ₦280,000. Búṣì àti líǹkì iwájú, ₦96,000. Táyà méjì, ₦180,000. Bátìrì, ₦128,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦684,000. Mi ò ka epo mọ́ ọn. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò ra táyà.

Ibi tí mo ti kàgbákò nìyí, kó lè kọ́ yín lọ́gbọ́n. ES 330 ń lo timing belt, kìlómítà 145,000 ni wọ́n ní kí á pààrọ̀ rẹ̀. Mo bi mẹkáníìkì tí mò ń lò nígbà yẹn, ó ní kò sí wàhálà, òun ti wò ó. Kò wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, bẹ́líìtì já mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn Ọ̀yẹ́, èmi àti ọmọ mi obìnrin nìkan la wà nínú ọkọ̀. Wákàtí méjì àbọ̀ la fi dúró nínú òkùnkùn kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó fi ọkọ̀ rẹ̀ wá fà wá. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mi ò bá fi ojú ara mi rí, wọn kò ṣe é.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ES 350. Àmọ́ mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan: ṣé gbogbo ₦11,500,000 yẹn lẹ fẹ́ fi ra ọkọ̀?

ỌmọẸ̀fọ̀n:
Àǹtí, ẹ kú ewu ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni o, gbogbo ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Kí ni mo ṣì ṣe?

Mo tún fẹ́ béèrè nípa epo. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, mo ti ń ṣọ́ lítà kọ̀ọ̀kan. Corolla ni mo mọ̀. Ṣé V6 ò ní pa mí?

Mẹkáníìkì_Basírì:
Lórí epo, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìdíwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe, Corolla yín ń jẹ nǹkan bíi lítà 8 sí 9 fún kìlómítà 100. ES 350 ń jẹ bíi 11. C300 ń jẹ 11 sí 12, 328i kò jìnnà sí i, LS 430 tó jẹ́ V8 ń jẹ 12 sí 13. Ẹ rí i pé láàárín àwọn tẹ́ ẹ̀ ń wò, ìyàtọ̀ epo kò tó ohun tó yẹ kó bá yín yan ọkọ̀. Ìyàtọ̀ tó máa dùn yín wà láàárín Corolla àti gbogbo wọn, ìyẹn lítà méjì sí mẹ́rin lórí 100. Ẹ fi iye kìlómítà yín lóṣù ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dá Corolla fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Àdùkẹ́_Ìkọ̀lé:
Èsì ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí: ẹ yọ mílíọ̀nù méjì sọ́tọ̀, kó tiẹ̀ lé díẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ tó jáde lọ wo ọkọ̀ kankan. Tòkunbọ̀ tó bá dé, ọ́ìlì inú rẹ̀ kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ orí ẹ̀. Táyà rẹ̀ lè ti gbó láìjẹ́ pé ó jẹ. Ṣọ́ọ̀kì, búṣì, bíréèkì, ọ́ìlì jíà, omi rádíétọ̀, gbogbo ẹ̀ lẹ máa ṣe lóṣù àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ lórí rírà, inú gbèsè ló máa ti ṣe gbogbo ìyẹn, tàbí kó má ṣe é rárá. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó dáa ti ń di ọkọ̀ tó ń dúró lọ́nà.

Ọmọ_Olósùnta:
Kí ẹ má bàa ní kò sí ẹni tó gbèjà BMW. Mo gun 328i ọdún mẹ́ta, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ayọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù lójú ọ̀nà Ìwòròkó sí Ìfàkì, ọkọ̀ náà á dá yín lóhùn.

Síbẹ̀, mi ò ní ní kí ẹni tó ń lọ Ìkọ̀lé lójoojúmọ́ rà á. Páǹpù omi ẹ́ńjìnnì N52 inú rẹ̀, iná ló ń yí i, kì í ṣe bẹ́líìtì. Kì í pariwo, kì í jò kó tó kú, ó kàn máa ń dákẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì náà ní magnesium nínú, kò sì fara da gbígbóná rárá. Ẹni tó ní òun á rọra wà á délé lẹ́yìn tí iná pupa ti tàn, ẹ́ńjìnnì tuntun ló ń lọ rà. Kò ní ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, kọ̀ǹpútà lẹ máa bi. Láti iléeṣẹ́, kì í gbé táyà ìpààrọ̀ sí búùtù, táyà tó lè rìn láìní afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi sí i. Táyà yẹn le bíi pákó, kòtò wa sì ń ba rímù rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹ máa ka gbogbo gálọ́ọ̀pù láti Adó dé Ìkọ̀lé.

Ará_Gate_Ìbàdàn:
Sípéápáátì ni mò ń tà ní Araromi, Gate, Ìbàdàn. Àwọn mẹkáníìkì Èkìtì máa ń pè wá dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mò ń rí láti ẹ̀yìn káńtà.

Ẹni tó bá pè fún ES 350, mo máa ń bi í pé: ojúlówó tuntun, Bẹ́ljíọ̀m (àlòkù láti òkè òkun), àbí èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílẹ̀, ó lè yan èyí tí owó rẹ̀ ká. Ẹni tó bá pè fún C300, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ní láti ní kó fún mi ní VIN ọkọ̀ kí n tó dá a lóhùn, torí nǹkan kan náà lè jẹ́ oríṣi mẹ́ta lára ọkọ̀ ọdún kan náà. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kó tó dé ọwọ́ ẹ̀. Ìyẹn ni ohun tí àwọn èèyàn kì í kà mọ́ owó Benz: ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró, àti owó ọ̀kadà tẹ́ ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́.

Bẹ́ljíọ̀m dáa fún ilẹ̀kùn, iná iwájú, jíà, ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ra Bẹ́ljíọ̀m ohun tó bá jẹ́ rọ́bà, nítorí ọdún tó fi gbó lọ́hùn-ún náà ni ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Búṣì, bẹ́líìtì, páìpù omi, tuntun ni kí ẹ rà.

Ẹni tó dárúkọ LS 430 fún yín kò parọ́. Ẹ́ńjìnnì 3UZ V8 yẹn lágbára, ó ń pẹ́. Àmọ́ èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn, 2006 ni wọ́n ṣe é, timing belt ló sì ń lò. Tí ẹ bá pàdé èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́, ẹ kọjá lára ẹ̀. LS 460 tó tẹ̀ lé e tún wá le sí i: àwọn apá irin tó di táyà iwájú rẹ̀ mú pọ̀, búṣì wọn kì í pẹ́ lórí irú ọ̀nà wa, ẹ̀rọ bíréèkì rẹ̀ sì wọ́n gan-an.

Ọmọ_Èkìtì_Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn tòkunbọ̀ yìí wá ni mo ti ń kọ̀wé. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa irú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ kan pàtó, èyí tí wọ́n máa gbé síwájú yín gan-an.

Nọ́ńbà VIN ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, àmì mẹ́tàdínlógún ni. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Tí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ má sọ̀rọ̀ owó. Ẹ fi VIN náà ra ìtàn ọkọ̀ lórí Carfax, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ná. Ẹ wo bóyá wọ́n kọ salvage (ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe) tàbí flood (èyí tí omi ti bò) sí i. Nígbà ìjì Harvey ní 2017, mo wà níbí, mo fi ojú mi rí bí omi ṣe bo ọkọ̀ ní gbogbo àdúgbò. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fọ̀ ọ́, wọ́n á fín in ní òórùn dídùn, wọ́n á sì tà á. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára ẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, ẹ fọwọ́ pa irin tó ń rọ́ lé. Ẹni tó fọ ọkọ̀ kì í sábà rántí ibẹ̀. Ẹ tún rántí pé máìlì ni mítà ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà. 90,000 tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, kìlómítà 145,000 ni.

Ohun tó kàn yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ọ̀pọ̀ ES 350 láti 2007 sí 2012, àti ọ̀pọ̀ C-Class àti BMW 3 àwọn ọdún yẹn, wà nínú àwọn tí wọ́n pè padà nítorí airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba èèyàn là nínú jàǹbá) tí iléeṣẹ́ Takata ṣe. Kẹ́míkà tó ń jó láti fẹ airbag náà máa ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ọkọ̀ bá wá kọlu nǹkan, ilé irin rẹ̀ lè fọ́, kó ta irin bí ọta ìbọn sí ojú àti ọrùn ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ó ti pa èèyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Irú ojú ọjọ́ tiwa gan-an ló léwu fún un. Ẹ fi VIN wò ó lórí ojú òpó NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, ọ̀fẹ́ ni, á sọ fún yín bóyá wọ́n ti ṣe é tàbí wọn kò tíì ṣe é.

Ẹ má sì tẹ́ ẹní lé ẹní níwájú ìjókòó awakọ̀. ES 350 ló wà nínú jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní San Diego ní 2009, nígbà tí ẹní ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà há tọ́tù mọ́lẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló kú. Ẹní kan ṣoṣo, tó ní ìkọ́ tó dì í mú, ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Baba_Ìbejì_Ìkéré:
Ọ̀rọ̀ airbag yẹn bà mí lẹ́rù. Mo ti lọ wo tèmi báyìí lórí fóònù. Wọ́n ti ṣe é kó tó kúrò lọ́hùn-ún, a dúpẹ́. Ọmọ mi, o ṣeun gan-an.

ỌmọẸ̀fọ̀n:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo padà wá jíyìn.

Mo yọ ₦2,000,000 sọ́tọ̀ bí Àǹtí Àdùkẹ́ ṣe wí, mo fi í sínú àkáǹtì mìíràn kí ọwọ́ mi má bàa dé ibẹ̀. Mo ti wo ọkọ̀ mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, C300 kan ní Àkúrẹ́. Ó mọ́ bí ẹyin. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí rewáyà mi fi sikánà sí i, ẹni tó ń tà á fárí gá, ó ní ṣé mo fẹ́ ba ọkọ̀ òun jẹ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí, torí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara mi nínú ẹ̀.

Ìkejì, ES 350 2008 kan ní Èkó, tòkunbọ̀, àwọ̀ fàdákà. Mo fa bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn jáde. Ó mọ́ dé ìdajì, àmì omi aláwọ̀ ilẹ̀ sì yí ìyókù po. Mo fọwọ́ pa irin abẹ́ ìjókòó, ìpẹtà bá ọwọ́ mi jáde. Ẹni tó ń tà á ní AC ló jò. Mi ò bá a jiyàn.

Ìkẹta ni mo rà. Kì í tilẹ̀ ṣe tòkunbọ̀ tí mo pinnu tẹ́lẹ̀. ES 350 2010 ni, akọ̀wé àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Adó níbí ló ti ń gùn ún láti ọdún méje. Bàbá náà ní fáìlì, gbogbo rìsíìtì wà nínú ẹ̀, títí kan ti páìpù VVT-i tó ti pààrọ̀ sí irin. Mo tan iná fóònù síbẹ̀, irin ni lóòótọ́. Ara ọkọ̀ náà ní ìfarapa níbi méjì, dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ti ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ nítorí oòrùn. Mẹkáníìkì_Basírì ló bá mi wà á lọ sókè Ẹ̀fọ̀n kí n tó sanwó, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru rẹ̀ kò kúrò ní àárín nígbà tí a ń gòkè, jíà rẹ̀ kò sì fò. ₦8,600,000 ni a parí ẹ̀ sí.

Nǹkan kan ló kù. Mo fi VIN wò ó lórí NHTSA. Wọn kò tíì ṣe airbag ẹ̀, ti iwájú lápá ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ_Èkìtì_Houston:
Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun o! Ẹ tẹ ohun tó wà lórí NHTSA yẹn síta, kí ẹ mú un lọ bá àwọn tó ń ṣojú Toyota ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ṣe é fún ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá. Ẹ fi ìwé kọ ọ́ sí wọn, ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta airbag Bẹ́ljíọ̀m fún yín, irú èyí tó wà nínú tiyín ni wọ́n máa tún gbé fún yín. Títí wọ́n á fi ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síwájú.

ỌmọẸ̀fọ̀n:
Màmá mi kì í jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n ní iwájú làwọn ti ń rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n màá bá wọn sọ ọ́, màá sì ṣàlàyé ìdí ẹ̀.

Mẹkáníìkì_Basírì:
Ẹ bẹ Màmá dáadáa. Ẹ gbé ọkọ̀ wá ní Sátidé kó tó di aago mẹ́jọ, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ọ́ìlì jíà, omi rádíétọ̀ àti púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la máa ṣe. Ẹ ra WS yẹn fúnra yín, kí ẹ má ṣí i títí ẹ máa fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ wá àga mú dání, kí ẹ jókòó tì mí.